Ẹ Jẹ́ Kí Àgbékẹ́ Fẹnu Ara Rẹ̀ Sọ Ọ́

Ní Cow Lane nílùú Accra, ní ọdún kẹta lẹ́yìn tí Gáná gba òmìnira, kò sẹ́ni tó nílò aago láti mọ̀ pé ọ̀sán ti pọ́n. Abọ́ ni wọ́n ń gbọ́.

Gbàràgàdà! Abọ́ onítánganran kan já bọ́ lọ́wọ́ Àgbékẹ́. Gbàràgàdà! Ìkejì tẹ̀ lé e.

"Aago méjì ti lù," ni Mùkáílà tó ń tún bàtà ṣe ní òdìkejì ọ̀nà máa ń wí. Á ṣí kẹ́ńkẹ́ rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Àgbékẹ́ yìí, ìyàwó Kàsímù télọ̀, kì í ṣe ọ̀lẹ o. Láàárọ̀, ta ló lè dúró níwájú rẹ̀? Á to ogún abọ́ lé ara wọn, á gbé e rù, á máa fi èdè Gàá tí wọ́n ń sọ ní Accra bá àwọn ẹlẹ́ja ṣàríyànjiyàn lọ́nà, abọ́ kan kò ní mì. Èyí tó ń tà jù nínú ọjà rẹ̀ ni abọ́ tí wọ́n ya ìràwọ̀ dúdú sí nídìí. Lásìkò náà, gbogbo èèyàn ló fẹ́ jẹun tán kó rí ìràwọ̀ ìlú nísàlẹ̀ ọbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti kanrí báyìí, nǹkan á yí padà. Apá rẹ̀ á wúwo. Ìpéǹpéjú ọ̀tún á máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí aṣọ ojú fèrèsé tí okùn rẹ̀ dẹ̀. Ohùn rẹ̀ á máa gba imú jáde.

Ọkùnrin kan wá láti àdúgbò Adabraka lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fẹ́ ra ife kan. Ó gbójú sókè wo Àgbékẹ́, ojú ọ̀tún Àgbékẹ́ sì pa dé. Ọkùnrin náà rò pé òun ni obìnrin yìí ń ṣẹ́jú sí. Ó ra ife mẹ́fà! Lọ́jọ́ kejì ó tún dé. Ó ti gẹrun, ó ti fi pòmádì para, ó ń rẹ́rìn-ín láti ìdí ọ̀nà wá. Kàsímù jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tòun ti téèpù lọ́rùn àti àlùmọ́gàjí ńlá lọ́wọ́.

"Ẹ kú ọ̀sán, ọ̀gá. Ibo nínú ara yín ni kí n wọ̀n?"

Ọkùnrin náà kò dúró gba ife keje.

Ẹ rẹ́rìn-ín, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ má rẹ́rìn-ín tán. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, Àgbékẹ́ ń jẹun lọ́wọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì dúró láàárín ẹran. Kò lè jẹ ẹ́ mọ́. Ó fi ọwọ́ ti àgbọ̀n ara rẹ̀ sókè. Ó gbé omi mu, omi náà gba imú jáde, ó sì há a. Kàsímù gbá a lẹ́yìn, gbá a lẹ́yìn, títí èémí rẹ̀ fi padà.

"Bàbá Àmínátù," ni Àgbékẹ́ wí, "ẹ̀rù ń bà mí."

Ó ní láti wí i lẹ́ẹ̀mejì kí ọkọ rẹ̀ tó gbọ́ ohun tó ń sọ.

Nínú agboolé wọn, ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni náà ni Bàbá Bùràímọ̀, ẹ̀gbọ́n Kàsímù. Bí onílé bá fẹ́ fi kún owó ilé, Bàbá Bùràímọ̀ ni yóò dá a lóhùn. Bí ọmọ bá fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́, Bàbá Bùràímọ̀ ni yóò kó o lọ bá ọ̀gá. Àgbà ló ń gbẹnu sọ fún èèyàn lọ́dọ̀ àlejò, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn, òun náà kò sì fi iṣẹ́ náà ṣeré. Lọ́jọ́ tí ehín ń dun Àmúdà tó ń ta okùn, Bàbá Bùràímọ̀ ló ṣáájú wọlé, òun ló jókòó sórí àga, òun ló lanu láti fi ehín tó ń dun Àmúdà han dókítà. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n yọ tirẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń kó ìdààmú bá bàbá náà. Bàtà ni. Á wọ sálúbàtà méjì jáde nílé, á wọ ẹyọ kan wọlé.

"Olè!" ni yóò máa pariwo. "Olè wà ní Cow Lane! Mùkáílà, ìwọ ni! Ìwọ lò ń yọ bàtà lẹ́sẹ̀ mi kí n lè wá ra òmíràn lọ́wọ́ rẹ."

"Bàbá, bí mo ṣe ń yọ ọ́ lẹ́sẹ̀ yín, ẹ̀yin ò mọ̀?"

"Ẹ ò rí i? Ó mọṣẹ́ dójú àmì!"

Bàbá yìí náà ló kó Àgbékẹ́ lọ rí dókítà. Ẹ wo bó ṣe ṣe é o.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú, ó ní kí Àgbékẹ́ má ṣiṣẹ́ kankan. Ó ní kó tètè sùn. Láàárọ̀, wọ́n fi omi gbígbóná wẹ̀ fún un, wọ́n fún un ní ẹ̀kọ mímu, wọ́n wọ aṣọ tó dáa jù fún un, wọ́n lé tìróò sí i lójú. Wọn kì í mú aláìsàn onídọ̀tí lọ síwájú èèyàn ńlá, ìtìjú ni. Bí wọ́n ṣe ń kírun àfẹ̀mọ́júmọ́ tán báyìí, wọ́n ti wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú nílé ìwòsàn.

"Kí ló ń ṣe ọ́, ìyá?" ni dókítà wí.

Àgbékẹ́ lanu.

"Ó rẹ̀ ẹ́," ni Bàbá Bùràímọ̀ wí. "Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Lọ́dún tí a kọ́kọ́ dé Accra, bàbá mi ra kẹ̀kẹ́ kan…"

Nígbà tí ìtàn kẹ̀kẹ́ náà parí, dókítà wo Àgbékẹ́. Ojú rẹ̀ là rekete. Ó ní kó di ọwọ́ òun mú, Àgbékẹ́ dì í mú, dókítà fúnra rẹ̀ ní "Yéè!" Ó kọ oògùn amáralókun fún un, ó ní kó máa lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n tún lọ bá dókítà mìíràn. Oorun tó tó, ẹ̀kọ gbígbóná, tìróò, bẹ́ǹṣì iwájú. Kẹ̀kẹ́ bàbá tún jáde. Dókítà ní, "Kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Ó ń ronú jù ni."

Bàbá Bùràímọ̀ pe gbogbo ilé jọ.

"Dókítà méjì ti wí i," ó ní. "Kò sí àìsàn níbẹ̀. Ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ń gbéra lọ́jọ́ Ẹtì. Àgbékẹ́ á bá a lọ, á lọ sinmi lọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Bí nǹkan kan bá tilẹ̀ wà, ibà díẹ̀ ló kù nínú egungun. Kó tó di ọjọ́ náà, kó máa lo kuníìnì tí mo rà fún un yìí, oògùn ibà ni, kó lò ó láàárọ̀ ọjọ́ kan, kó fo ọjọ́ kejì, bó ṣe ń lò ó bọ̀."

Ìgò kuníìnì náà ti ń lọ sí ìdajì nígbà yẹn. Kàsímù wo ìgò náà, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ta ni kò mọ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́? Lórí pákó lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ń jókòó, nínú eruku, láti ibodè dé ibodè. Obìnrin tí omi há lọ́fun lábẹ́ òrùlé ara rẹ̀, ta ni yóò gbá a lẹ́yìn nínú ọkọ̀?

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn.

"Àgòò!"

"Àmẹ̀ẹ́!" ni wọ́n dáhùn nínú ilé. Ta ló wọlé? Ràfíátù! Ọmọ Bàbá Bùràímọ̀ ni, Accra ni wọ́n bí i sí, ó ti di nọ́ọ̀sì. Ó ti lo ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́ ní Kùmásí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e padà sí ọsibítù ńlá ní Accra ni. Bàbá rẹ̀ fò sókè, ó dì mọ́ ọn, ó yí lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú rẹ̀. Bàtà ẹsẹ̀ òsì bọ́ sílẹ̀. Bàbá kò mọ̀.

Ràfíátù wo bàtà náà. Ó wo ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ jókòó ti Àgbékẹ́ nídìí abọ́ láti àárọ̀.

"Ọkọ mi," ni Àgbékẹ́ ń pè é, nítorí ọmọ ilé ọkọ ni, "ṣé o ò níṣẹ́ ni?"

"Iṣẹ́ ni mò ń ṣe yìí, Ìyá Àmínátù. Ó di ọjọ́ Ẹtì kí wọ́n tó retí mi ní ọsibítù."

Aago mẹ́wàá, Àgbékẹ́ ń ṣe bí ẹṣin. Aago méjìlá, ó fi apá ti igi. Nígbà tí aago kan àbọ̀ ti kọjá, Ràfíátù ní, "Ẹ bá mi ka àwọn abọ́ yìí, ẹ kà á sókè."

Àgbékẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ení, èjì, ẹ̀ta, ohùn ń dún bí ti ẹni tó ń kígbe ọjà. Nígbà tó dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ohùn ti rẹlẹ̀. Nígbà tó dé mẹ́tàlélógún, imú ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó dé ọgbọ̀n, ètè ń mì, kò sí ohùn mọ́. Ìpéǹpéjú sì ti wálẹ̀ pátápátá.

Gbàràgàdà!

"Aago méjì," ni Mùkáílà wí lódìkejì.

"Kò tíì lù," ni Ràfíátù dá a lóhùn. "Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ń burú sí i nìyẹn."

Ó dìde, ó lọ bá bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ mú àìsàn yìí lọ sùn kí ẹ tó mú un lọ rí dókítà, àbí?"

"Kí lo wí?"

"Àìsàn tó ń jáde lọ́sàn-án lẹ mú lọ síbẹ̀ láàárọ̀. Ẹ fún un lóorun, ẹ fún un lẹ́kọ, ẹ lé tìróò sí i lójú. Obìnrin tó sinmi ni dókítà rí. Obìnrin tó ṣiṣẹ́ ló ń ṣàìsàn. Ẹ̀yin lẹ sì ń sọ̀rọ̀ fún un! Inú ohùn gan-an ni àìsàn yẹn wà, ẹnì kankan níbẹ̀ kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀."

Bàbá Bùràímọ̀ lanu, ó pa á dé. Irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

"Dókítà kan wà ní ọsibítù ńlá," ni Ràfíátù tẹ̀síwájú. "Ọpọlọ, ọ̀pá ẹ̀yìn, iṣan àti ẹran ara, àwọn yẹn nìkan ló ń wò."

"Ọpọlọ!" Bàbá fò sókè. Ohùn ti padà. "Ìyàwó àbúrò mi kì í ṣe wèrè! Ẹ gbọ́ o, ará Cow Lane, ọmọ mi fẹ́…"

"Bàbá, ẹ jókòó. Ẹ wo ẹ̀rọ ìránṣọ Bàbá Àmínátù yẹn. Ẹsẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀, abẹ́rẹ́ ló ń gún aṣọ lókè. Kí ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ dé ọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́?"

"Awọ tó yí i ká ni," ni Kàsímù wí. Gbogbo èèyàn yíjú wò ó, nítorí kì í sọ̀rọ̀.

"Bí abẹ́rẹ́ kò bá lọ ńkọ́? Ṣé abẹ́rẹ́ ló bàjẹ́ dandan?"

"Rárá o. Awọ lè dẹ̀. Ó lè já." Kàsímù ronú díẹ̀. "Abẹ́rẹ́ ńlá mi kan tilẹ̀ ti sọnù láti ọjọ́ Àìkú."

"Ta ló bi ọ́ léèrè abẹ́rẹ́?" ni Bàbá Bùràímọ̀ jágbe.

"Bó ṣe rí náà nìyẹn," ni Ràfíátù wí. "Ọpọlọ ń pàṣẹ, ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, iṣan ló ń gbé àṣẹ náà lọ. Dókítà yìí ń wá ibi tí iṣẹ́ ti dá dúró lọ́nà. Orí Ìyá Àmínátù pé ju tèmi lọ."

Ẹni tó bá fẹ́ rí irú dókítà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ìwé lọ láti ọ̀dọ̀ dókítà àkọ́kọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́rú, Ràfíátù mú Àgbékẹ́ padà sí ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́kọ́ lọ, láìsí tìróò, láìsí Bàbá. Dókítà tó ní "Yéè!" nígbà kìíní wo ojú tó ti pa dé náà, ó gbọ́ ohùn náà, ó fọwọ́ kan iwájú orí ara rẹ̀. Kíá ló kọ ìwé. Ọsibítù ńlá ní kí wọ́n wá ní aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́bọ̀, ọ̀la rẹ̀. Ọjọ́ kan ló kù kí ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ gbéra.

"Mo máa bá yín lọ," ni Bàbá Bùràímọ̀ wí.

"Ẹ ò ní sọ̀rọ̀?"

"Mi ò ní sọ̀rọ̀."

"Ẹ búra."

Ó búra. Nítorí kò fọkàn tán ara rẹ̀, ó fi obì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì.

Àgbékẹ́ ta abọ́ láti àárọ̀ ọjọ́bọ̀, gẹ́gẹ́ bí Ràfíátù ṣe wí. Ìdí abọ́ ni wọ́n ti gbé e wọ ọkọ̀ èrò tróòtróò. Nígbà tí òun, Kàsímù, Ràfíátù àti Bàbá dé yàrá dókítà, ojú méjèèjì ti ń lọ sílẹ̀.

Ọmọ Gàá ni dókítà náà, kò dàgbà púpọ̀, ó kàwé dé òkè òkun. Ó ní, "Kí ló ń ṣe yín, ìyá?"

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá Bùràímọ̀ wú. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Obì náà dún kọ̀ù lẹ́nu rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀.

Àgbékẹ́ ló sọ ọ́. Ogún ọdún ló ti fi èdè Gàá polówó ọjà, kò nílò ògbufọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Láàárín ọ̀rọ̀, ohùn ń lọ, ó ń lọ, ó gba imú, ó di èémí lásán. Dókítà ti gbé gègé rẹ̀ sílẹ̀. Etí nìkan ló fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí Àgbékẹ́ dákẹ́, ó ní, "Ẹ ṣé. Ohùn yín ti sọ ju ọ̀rọ̀ yín lọ."

Ó ní kí ó na apá méjèèjì síwájú. Kò pẹ́ tí apá fi wálẹ̀. Ó ní kí ó gbójú sókè wo fáànù, kó má ṣẹ́jú. Ìpéǹpéjú ń bọ̀ wálẹ̀ bí ẹni pé wọ́n so òkúta mọ́ ọn.

"Ìgbà wo ló máa ń burú jù lóòjọ́? Ta ló mọ̀?"

Bàbá Bùràímọ̀ tọ́ka sí àyà ara rẹ̀, ó tún rántí pé òun kò mọ̀.

Kàsímù ló dìde. Ó fa bébà kan yọ lápò, irú èyí tí àwọn télọ̀ fi ń gé àwòrán aṣọ. Ó tú u, ó gùn dé ilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

"Ọjọ́ kìíní oṣù. Aago mẹ́wàá, ó dáa. Aago méjì, abọ́ méjì já. Aago márùn-ún, ó rí mi ní méjì. Ọjọ́ kejì. Aago méje, kuníìnì. Aago mẹ́sàn-án, kò lè gbé ife. Ọjọ́ kẹta. Kò lo kuníìnì, ó ṣe dáadáa títí di aago kan. Ọjọ́ kẹrin. Kuníìnì…"

Oṣù kan gbáko! Gbogbo ẹnu ló là sílẹ̀. Obì kan bọ́ lẹ́nu Bàbá Bùràímọ̀, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì.

"Bàbá Àmínátù!" ni Ràfíátù wí. "Ẹ mọ gbogbo èyí, ẹ ò sọ?"

"Ta ló bi mí?" ni Kàsímù wí.

Dókítà gba bébà náà. "Ta ló ń fún un ní kuníìnì?"

Bàbá Bùràímọ̀ rọra na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

"Bàbá, ẹ gbọ́. Oògùn tó dáa ni fún ibà bí dókítà bá kọ ọ́. Ṣùgbọ́n àìsàn tí mo rò pé ó ń ṣe ìyá yìí kì í jẹ́ kí àṣẹ iṣan dé ẹran ara dáadáa, kuníìnì sì ń gba ìwọ̀nba okun tó kù. Bí ẹ bá gbé e wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ́la pẹ̀lú ìgò yẹn, kò dá mi lójú pé ó máa kọjá ibodè Aflao."

Ojú Bàbá yí padà. Kò sí ẹ̀rín níbẹ̀ mọ́.

Dókítà pe nọ́ọ̀sì kan, wọ́n fa oògùn àyẹ̀wò kan tí agbára rẹ̀ kì í pẹ́ lára sínú abẹ́rẹ́, wọ́n gún Àgbékẹ́ lápá. Dókítà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wo ojú rẹ̀. Ràfíátù ń wo aago.

Ìṣẹ́jú kan kò tíì pé.

Ojú ọ̀tún gbéra. Ojú òsì tẹ̀ lé e. Wọ́n là, wọ́n là rekete! Àgbékẹ́ na apá, apá dúró. Ó yí orí wo ọkọ rẹ̀, ó yí i wo Ràfíátù, ó yí i wo Bàbá Bùràímọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ohùn rẹ̀ sì bọ́ síta bí ti àárọ̀:

"Bàbá, bàtà yín kan dà?"

Bàbá wo ilẹ̀. Ẹyọ kan! Obì kejì fò jáde.

"Olè!" ó ké. Ìbúra ti tán. "Títí dé ọsibítù! Mùkáílà ti tẹ̀ lé mi dé ibí!"

Ràfíátù jáde, ó padà wọlé pẹ̀lú sálúbàtà lọ́wọ́. "Ẹnu géètì ló wà. Ẹ ti fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́ láti ibẹ̀ dé ìhín."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n lára?" ni dókítà wí. Ó fa àga kan jáde. "Bàbá, ẹ jókòó."

"Èmi kọ́ ni mo ń ṣàìsàn."

"Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́."

Dókítà ní kó pa ojú dé. Ó fi òwú kan ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹ mọ ibi tí mo fọwọ́ kàn?" Bàbá ní, "Ẹ ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan." Ó lu irin kékeré kan tó ń gbọ̀n, ó gbé e lé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. "Ó ń gbọ̀n?" "Kí ló ń gbọ̀n?" Dókítà gbé àtẹ́lẹsẹ̀ òsì sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ó mú irin tín-ín-rín kan, ó rọra fa nǹkan yọ. Ó ń dán.

"Abẹ́rẹ́ mi!" ni Kàsímù pariwo. "Abẹ́rẹ́ ńlá mi! Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń wá a!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ni bàbá náà ti ń rìn lórí abẹ́rẹ́, àyíká ibẹ̀ sì ti wú.

"Ìgbà wo ni ẹsẹ̀ yìí ti ń kú tipiri?" ni dókítà béèrè.

Bàbá Bùràímọ̀ wo Kàsímù. Kàsímù wo òkè. Ó wo Ràfíátù. "Sọ fún un."

"Èmi ò mọ̀, Bàbá."

Ó wo Àgbékẹ́. Àgbékẹ́ wò ó padà pẹ̀lú ojú méjèèjì.

"Ẹnu ara yín ni, Bàbá," ó wí jẹ́jẹ́. "Kò dùn, mo mọ̀. Ẹ kàn bẹ̀rẹ̀."

Ẹni tó ti sọ̀rọ̀ fún gbogbo Cow Lane wá ọ̀rọ̀ tì. Nígbà tó yá, ó ní, "Ó ti lé lọ́dún kan. Ó kọ́kọ́ ń ṣe mí bí ìgbà tí èèrà ń rìn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà mi ò mọ nǹkan kan mọ́. Omi ń gbẹ mí lọ́fun, mo sì ń tọ̀ jù. Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́, ẹ máa ní mo ti darúgbó, ẹ máa wá ẹlòmíràn tí yóò máa gbẹnu sọ fún yín."

Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Ṣúgà kún inú rẹ̀, àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ni. Ṣúgà náà ló ti ń ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́ láìsí ariwo. Wọ́n wẹ ojú ọgbẹ́ náà, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ó kẹ̀, wọ́n ní kó padà wá lọ́la fún ìtọ́jú ṣúgà náà.

Ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ gbéra lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n kó ìṣù iṣu mẹ́ta sí àyè Àgbékẹ́. Àgbékẹ́ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, ó ń jẹ ẹran, ó ń jẹ ẹ́ tán. Kì í ṣe pé àìsàn náà ti lọ pátápátá o, dókítà kò parọ́ fún un. Ó ní oògùn oníhóró kan wà tó gbọ́dọ̀ máa lò ní àkókò rẹ̀ kó tó jẹun, kò gbọ́dọ̀ fi kún un, kò sì gbọ́dọ̀ dín in kù fúnra rẹ̀. Ó ní kó máa sinmi lọ́sàn-án. Ó sì ní lọ́jọ́ tí ó bá tún ṣòro láti gbé itọ́ mì tàbí láti mí, kí wọ́n má dúró de ilẹ̀ kó mọ́.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin náà ti rí i. Bí ìpéǹpéjú yín bá ń wálẹ̀, bí ẹ bá ń rí ẹnì kan ní méjì, bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n tàbí tí nǹkan ń já bọ́ níbẹ̀, bí ẹsẹ̀ bá ń kú tipiri tàbí tí bàtà ń bọ́ tí ẹ ò mọ̀, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ, ẹ má pè é ní ogbó, ẹ má sì bú ẹni tó ń tún bàtà ṣe. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí yín, kí ẹ sì béèrè bóyá ó yẹ kí dókítà tó ń wo ọpọlọ àti iṣan rí yín. Kì í ṣe dókítà wèrè. Bí ara ṣe máa ń rí lọ́jọ́ iṣẹ́ ni kí ẹ ṣe gbé e lọ. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán ni àìsàn máa ń jáde, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bíi ti Kàsímù, aago àti ohun tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo oògùn tí ẹ ti ń lò, ti ìgò, ti ewé, ti ọ̀rẹ́, ẹ kó o dání. Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní kuníìnì nítorí pé ó rẹ̀ ẹ́.

Bí ojú ẹnì kan bá ṣàdédé yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kú lójijì, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ìyẹn kò ní ọ̀la. Ní wákàtí náà gan-an ni kí ẹ gbé e.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń gbẹnu sọ fún wa, ẹ ṣé o. Ẹ bá wa lọ, ẹ jókòó tì wá, ẹ di ọwọ́ wa mú. Ṣùgbọ́n ní yàrá dókítà, ẹ jẹ́ kí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bàbá Bùràímọ̀ gan-an ló ń wí bẹ́ẹ̀ kiri báyìí. Láràárọ̀ ló ń gbé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè níwájú ilé kí Àgbékẹ́ bá a wò ó. Ó ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Mùkáílà, Mùkáílà sì ti rán bàtà onídè kan fún un tó bo gbogbo ẹsẹ̀, èyí tí kò lè bọ́.

Mùkáílà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí pa lára. Abọ́ kò já bọ́ mọ́ ní Cow Lane, ebi sì pa á di aago mẹ́rin lọ́jọ́ kìíní kó tó mọ̀ pé ọ̀sán ti pọ́n. Ó ti lọ ra aago.